Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Búrẹ́dì Wa Dákẹ́

Àwọn tó lọ sí ìlú òyìnbó máa ń sọ pé òtútù ló kọ́kọ́ kí àwọn káàbọ̀. Èmi ò rí òtútù kankan. Ìlú òkèèrè tí mo lọ kò ju Ìsọlọ̀ ní Èkó lọ, èdè tí ìyá mi fi tọ́ mi dàgbà náà sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bá mi lójijì ni pé mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, títí kan èyí tí wọ́n ń sọ nípa mi.

"Àgànyìn ni," ni ọkùnrin kan sọ fún ìkejì ẹ̀ níbi tí mo dúró sí, àfi bíi pé mi ò létí. "Gbọ́ bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀."

Ọmọ Kétu ni mí, Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ààfin Alákétu wà. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní, "Kétu? Ṣé ti ọ̀nà Ìkòròdú ni?" Tí mo bá ní rárá, pé Kétu tó dàgbà ju ìyẹn lọ ni, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún máa pè mí ní Àgànyìn lọ. Inú kọ́kọ́ máa ń bí mi. Nígbà tó yá, mo ń dáhùn. Nígbà tó tún yá, mo gbọ́ tí Ìyá Bíọ́lá tó ń ta búrẹ́dì ní Jakande Estate ń lọgun mọ́ ọlọ́kadà kan tó fẹ́ bá mi jà pé, "Má fọwọ́ kan Àgànyìn wa." Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn orúkọ yẹn.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe kúrò nílé. Ọ̀nà náà ò jìn, ẹni tó bá ti gba bọ́dà kọjá rí mọ̀ ọ́n. Ohun tó jìn ni òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo jí tí mi ò rí ẹnì kankan tí màá dọ̀bálẹ̀ fún.

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù ni mo kọ́ ní Kétu, ọkọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì ní pàtàkì. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé Ìsọlọ̀ ni mo gbọ́ pé ọkọ̀ tó ń kó búrẹ́dì fún Alájà Rísíkà ti kú fún ọjọ́ mẹ́ta. Alájà ló ni békìrì tó wà ní àdúgbò tí mo sùn sí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, obìnrin tó rí gbọọrọ, tí kì í gbé ohùn sókè, tí gbogbo èèyàn sì ń bẹ̀rù. Mo lọ síbẹ̀. Mẹkáníìkì mẹ́ta ti wo ọkọ̀ náà. Ọ̀kan ní pọ́ǹpù ni, ọ̀kan ní kí wọ́n ra ẹ́ńjìnnì míì, ẹnì kẹta gba owó, kò sì padà wá.

Mo ní kí wọ́n ṣíná. Mo gbé orí sùkúrúdiráfà lé ara ẹ́ńjìnnì, mo gbé etí lé ìdí rẹ̀, mo ń sún un kiri. Ó ń wúkọ́, ó ń gbọ̀n, ó kú.

"Nọ́sù kẹta ni," mo ní, "èyí tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì."

Alájà wò mí látòkè délẹ̀. "Níbo lo ti wá?"

"Kétu ni, mà."

"Tí kì í bá ṣe nọ́sù kẹta ńkọ́?"

"Ẹ lé mi kúrò níwájú yín."

Nọ́sù kẹta ni. Kí wọ́n tó pe ìrun Ásárì, ọkọ̀ náà ti ń ké ní àgbàlá, èéfín ẹ̀ sì ti lé gbogbo àwọn tó ń po ìyẹ̀fun jáde. Alájà ò yìn mí. Ó kàn yíjú sí ọmọbìnrin tó ń ti búrẹ́dì jáde nínú ààrò, ó ní, "Ẹ fún un ní ńlá kan." Mo jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, mo jẹ búrẹ́dì gbígbóná náà tán pẹ̀lú omi tútù. Mo ti jẹ oúnjẹ oríṣiríṣi láti ìgbà náà, mi ò tíì jẹ èyí tó dùn tó o. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, ó ní, "Tètè dé lọ́la."

Báyìí ni mo ṣe di ará Ìsọlọ̀.

Ẹ́ńjìnnì yẹn ní ohun kan tí mi ò lè wò sàn. Bí mo ṣe tún un ṣe tó, ó máa ń ró lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á mí díẹ̀, á tún ró lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ko-ko-ko, á mí. Ko-ko-ko, á mí. Kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Mo kúkú fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì di pé mo lè dá a mọ̀ láàárín ogún ọkọ̀.

Ọdún àkọ́kọ́ yẹn, tí àárò ilé bá sọ mí, inú ọkọ̀ ni mo máa ń lọ. Wọ́n fún mi ní yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ìyẹ̀fun sí, àmọ́ yàrá náà dákẹ́ jù. Ọjọ́ Àìkú ló burú jù, nígbà tí olúkúlùkù bá ti lọ sọ́dọ̀ èèyàn rẹ̀. Màá jókòó sí ìdí ọkọ̀, màá ṣíná sí i bíi pé mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, màá wá pe ìyá mi ní Kétu. Ìyá mi ń ṣe gàrí. Òun àtàwọn obìnrin àdúgbò wa máa ń ru ẹ̀gẹ́ wọn lọ rin ní abúlé kejì, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ wà, wọ́n á sì tún rù ú padà.

"Kí ló ń ké lẹ́yìn ẹ yẹn?" ló kọ́kọ́ bi mí.

"Ọkọ̀ tí mò ń tọ́jú ni, Màmá."

Ó tẹ́tí gbọ́ ọ. "Ó dáa," ó ní. "O wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn."

Látìgbà náà, tí mo bá ti pè é, kò ní kí mi tán tó fi máa tẹ́tí sí ọkọ̀ náà. Tó bá ti gbọ́ ọ, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo ti jó dísẹ́ẹ̀lì Alájà nítorí kí ìyá mi lè sùn. Kí Ọlọ́run foríjì mí.

Ẹni tó kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà ni Bàbá Mùtíù, àgbàlagbà tó ti ń wa ọkọ̀ náà kí n tó dé. Òun náà wá láti Ìsẹ́yìn, inú yàrá kan ní ẹ̀yìn Àgọ́ Palace ni ó ń gbé. Ó kọ́ mi ní ibi tí kòtò wà, ibi tí àwọn agbèrò ò ti ní yọ èèyàn lẹ́nu, àti ilé àwọn oníbàárà wa, láti Jakande dé Àgọ́ Palace títí dé Òṣòdì. Àmọ́ ohun tó kọ́ mi jù lọ ni bí wọ́n ṣe ń fi dísẹ́ẹ̀lì pamọ́.

"Tọ́tù ni ẹnu ọkọ̀," ó ní. "Bó o ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń jẹun. Tẹ̀ ẹ́ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kó sáré. Tó o bá ti rí i pé iwájú fẹ́ dúró, tàbí tó o dé ibi tó dà gẹ̀rẹ́, yọ jíà, fi sí fírì. Jẹ́ kí Ọlọ́run wà á."

Gbogbo awakọ̀ ló mọ fírì, àmọ́ Bàbá Mùtíù sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́. Láti orí afárá Òṣòdì, ó lè yọ jíà, kí ọkọ̀ máa yọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí yóò fi dúró síwájú ìsọ̀ oníbúrẹ́dì láìfọwọ́ kan jíà mọ́. Mo kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ dé ibi pé ọwọ́ mi ń yọ jíà kí ojú mi tó rí ibi tó dà gẹ̀rẹ́. Nígbà tí ojú Bàbá Mùtíù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú tó sì padà sí Ìsẹ́yìn, èmi ni wọ́n fa ọkọ̀ lé lọ́wọ́, wíwà àti títúnṣe. Alájà máa ń sọ ọ́ níwájú àlejò pé, "Kò sí ẹni tó ń tọ́jú dísẹ́ẹ̀lì bí Àgànyìn." Tó bá sọ bẹ́ẹ̀, màá ṣe bíi pé mi ò gbọ́, àmọ́ gbogbo ọjọ́ yẹn ni inú mi á máa dùn.

Ẹni tó wà nílé ẹ̀ kì í bi ara ẹ̀ pé kí ni mò ń ṣe níbí. Ó wà níbẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Èmi máa ń bi ara mi lójoojúmọ́, mo sì ní ìdáhùn kan péré: ẹ́ńjìnnì yìí. Kò sí ẹlòmíì tó lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń ké, Ìsọlọ̀ ò lè sọ pé àwọn ò nílò mi.

Dísẹ́ẹ̀lì wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbówó lórí. Ó gbówó lórí títí tó fi di pé ọkọ̀ náà ń jẹ èrè búrẹ́dì kí búrẹ́dì tó dé ìsọ̀. Alájà ti ní sólà lórí òrùlé nígbà náà, òun ni wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun. Ọmọbìnrin kan tó ní ìsọ̀ iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òṣòdì ló ṣe é fún un, Fúnmi lorúkọ ẹ̀, Ẹnjiníà ni gbogbo wa ń pè é. Bí ẹ bá rí i, ẹ ò ní gbà: ọmọdé bíńtín nínú síkẹ́ẹ̀tì gígùn, tó ń gbé àpótí irinṣẹ́ tó wúwo ju òun fúnra ẹ̀ lọ. Òun ló sọ fún Alájà pé òun lè yọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa, kóun fi ẹ̀rọ oníná sí i, kí bátìrì sì máa gba iná láti ara sólà tó wà lókè.

Alájà pè mí, ó bi mí pé kí ni mo rò. Mo ní ohun tó bá tọ́ lójú yín ni, mà. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì náà, èmi ni mo tú nọ́ọ̀tì ìkẹyìn, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì tú u. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí táyà àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n fi tàpólì bò ó. Alájà ní kí wọ́n má tíì tà á, bóyá nǹkan oníná yìí ò ní ṣe é gbára lé. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí Ẹnjiníà parí iṣẹ́, ó pè mí síbi ọkọ̀. "Bọ̀dá, ẹ má fòyà o. Jíà yín ṣì wà ńbẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì yín náà wà ńbẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà lọ́wọ́ yín. Ohun kan ṣoṣo ni pé tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ máa rí i pé ọkọ̀ á máa fa ara ẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ìgbà yẹn ló ń dá iná padà sínú bátìrì. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ti gbọ́, àbí?"

"Mo ti gbọ́," mo ní. Mi ò gbọ́. Tàpólì ni mò ń wò.

Bí ọkọ̀ oníná ṣe ń rìn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ya ni lẹ́nu. Kò wúkọ́, kò gbọ̀n, kò yọ èéfín. Òwúrọ̀ àkọ́kọ́, mo dé iwájú ìsọ̀ Ìyá Bíọ́lá ní Jakande, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń to tábìlì ẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Abọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ já bọ́.

"Àgànyìn, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Kí lò ń yọ́ rìn bí olè fún?"

Gbogbo àwọn oníbàárà mi ló ti ń fi ohùn ọkọ̀ wa mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ó di dandan kí n máa fọn fèrè ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ sì ni mo kórìíra fèrè. Èyí tó tún wá dùn mí jù ni ti ìyá mi. Mo pè é láti inú ọkọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe.

"Kí ló dé tí ibẹ̀ dákẹ́ báyìí?" ó ní. "Ṣé wọ́n ti lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́ ni? Sọ òótọ́ fún mi."

Mo ṣàlàyé títí, mo sọ pé iná ló ń gbé ọkọ̀ báyìí. Ó ní, "Ó dáa," àmọ́ mo mọ̀ pé kò dáa.

Ẹnjiníà ti sọ pé bátìrì á gbé wa yí gbogbo ọ̀nà wa ká, á sì tún ṣẹ́kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. A máa ń parí Jakande, a máa ń parí Àgọ́ Palace, àmọ́ kí n tó dé Òṣòdì, iná pupa á ti tàn níwájú mi, ọkọ̀ á máa falẹ̀, á sì kọ̀. Wọ́n á wá fi okùn fà mí padà sí Ìsọlọ̀ níṣojú gbogbo ayé, pẹ̀lú búrẹ́dì tí ẹnì kankan ò rà. Ẹnjiníà wá, ó pààrọ̀ wáyà. Ó tún wá, ó yẹ bátìrì wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò rí nǹkan kan. Èmi náà ń gbìyànjú tèmi. Bí bátìrì ṣe ń tètè tán tó ni mo ń fi kún fírì mi, ibi gbogbo tó bá dà gẹ̀rẹ́, iwájú gbogbo ibi tí a fẹ́ dúró sí, màá ti yọ jíà, gẹ́gẹ́ bí Bàbá Mùtíù ṣe kọ́ mi. Kò yí nǹkan kan padà.

Ọ̀rọ̀ náà sú Alájà. Ó ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì kan pé kó wá lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, kó bá mi gbé ẹ́ńjìnnì padà sínú ọkọ̀. Nígbà tí mo gbọ́, mo lọ sí ẹ̀yìn békìrì, mo ṣí tàpólì, mo fi rágì nu orí ẹ́ńjìnnì náà mọ́.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn, páànù búrẹ́dì onírin kan já bọ́ lé ẹsẹ̀ òsì mi. Ó wú, mi ò lè fi tẹ nǹkan kan. Kò sí ẹlòmíì tó máa wa ọkọ̀, búrẹ́dì sì ti jáde nínú ààrò. Mo fara da ìrora tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo fi jíà kejì sí i, mo sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ̀ oníná kì í kú tó bá dúró sójú jíà, mo ti mọ ìyẹn. Ni mo bá ń lọ. Mi ò yọ jíà níbì kankan. Tí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ọkọ̀ á fa ara ẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n dì láṣọ mú, á sì rọra dúró.

A parí Jakande. A parí Àgọ́ Palace. Mo ń retí iná pupa, kò tàn. Mo ta gbogbo búrẹ́dì Òṣòdì, mo sọ̀ kalẹ̀ láti orí afárá, mo sì rí i pẹ̀lú ojú ara mi pé abẹ́rẹ́ tó ń fi iye iná tó kù nínú bátìrì hàn ń gòkè padà bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Mo wa ọkọ̀ wọ àgbàlá békìrì. Bátìrì ṣì ṣẹ́kù dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tí Ẹnjiníà sọ tí mi ò gbọ́, mo wá gbọ́ ọ báyìí. Gbogbo ìgbà tí mo bá yọ jíà, iná tó yẹ kó padà sínú bátìrì ni mò ń dà sójú títì. Bátìrì ò ní àrùn kankan. Èmi ni àrùn náà.

"O ta gbogbo ẹ̀ lónìí?" ni Alájà bi mí.

"Ojú ọ̀nà dá, mà," mo ní.

Ọjọ́ kejì, mo di ẹsẹ̀ mi, mo fara da ìrora, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ padà sí fírì. Ọkọ̀ kọ̀ kí n tó dé Òṣòdì. Ọjọ́ Jímọ̀ náà, bákan náà. Ojú tì mí láti kọ ọ́, àmọ́ ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo ń rò ó pé ọjọ́ Ajé ò ní pẹ́ dé, pé ẹ́ńjìnnì mi á padà sáyè ẹ̀, màá padà sáyè mi. Ta ló máa nílò Àgànyìn tó ń gbọ́ ohùn nọ́sù, nínú ọkọ̀ tí kò ní nọ́sù?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ẹnjiníà wá fún ìgbà ìkẹyìn. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ láàárọ̀, ọ̀sán ló jáde, pẹ̀lú eruku ní gbogbo ojú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ mọ ọkọ̀ yìí jù. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ ti kíyè sí, tí mi ò rí?"

"Kò sí," mo ní.

Ó mi orí. "Kò burú. Ọkọ̀ tí mo máa kọ́kọ́ ṣe nìyí. Tí Alájà bá ti ní kò dáa, ta ló tún máa gbé ọkọ̀ ẹ̀ fún mi ní Òṣòdì yìí? Màá padà sórí sólà náà ni." Ó dìde, ó gbọn síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀. "Ẹ ṣé o, Bọ̀dá. Ẹ ò tiẹ̀ bá mi jà rí."

Ọpẹ́ yẹn ló ń dún létí mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rántí ẹnì kan tó dúró ní àgbàlá yìí kan náà pẹ̀lú sùkúrúdiráfà lọ́wọ́, tí kò mọ ẹnì kankan ní Èkó, tí gbogbo ọ̀la ẹ̀ wà lọ́wọ́ nọ́sù kan. Ká ní ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ba nọ́sù yẹn jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́?

Lọ́jọ́ Àìkú, mo pe ìyá mi, mo sì tú gbogbo ẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ìyá tó fún ẹ ní búrẹ́dì lọ́jọ́ àkọ́kọ́," ó ní, "òun lò ń purọ́ fún?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Lọ sọ fún un. Tó bá lé ẹ, o mọ ọ̀nà ilé."

Mo dúró kí Alájà kírun Ásárì tán. Orí ẹní ẹ̀ ló ṣì wà nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

"Alájà, bátìrì ò bàjẹ́. Èmi ni. Fírì tí mò ń fi ọkọ̀ sí ló ń ba iná jẹ́. Ọjọ́rú ni mo ti mọ̀, mi ò sọ."

Ó kọ́kọ́ ká ẹní ẹ̀. Ó gbé e sórí àga. Lẹ́yìn náà ló ní, "Dìde. Lọ ṣíná. Jẹ́ kí n rí i."

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ọkọ̀, ohun tí kò ṣe rí, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú gírígírí. Mo wà á lọ sí ọ̀nà Àgọ́ Palace. Mo fi fírì hàn án, abẹ́rẹ́ dúró. Mo fi jíà sí i, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, abẹ́rẹ́ rọra gòkè. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èjìká ẹ̀ ń mì.

"Gbogbo ọdún tí mo fi ń yìn ẹ́ pé kò sí ẹni tó mọ fírì tó ẹ." Ẹ̀rín náà tán lójú ẹ̀. "Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ẹ̀rù bà mí, mà. Ẹ́ńjìnnì yẹn lẹ tìtorí ẹ̀ gbà mí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?" Kò gbé ohùn sókè. "Èèyàn mẹ́ta ló wo ẹ́ńjìnnì yẹn kó o tó dé. Gbogbo wọn ló tàn mí. Ìwọ lo ní kí n lé ẹ tó bá jẹ́ irọ́. Ìyẹn ni mo rí tí mo fi ní kó o tètè dé lọ́la. Kì í ṣe nọ́sù." Ó yíjú sí ojú fèrèsé. "Ó kù díẹ̀ kó o di ẹnì kẹrin wọn."

Mo yí ọkọ̀ padà sọ́nà ilé. Mo sunkún díẹ̀ bí mo ṣe ń wakọ̀, mi ò sì nu ún, nítorí mi ò fẹ́ kó rí i pé mò ń nu ún.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n dá mẹkáníìkì náà padà. Mo lọ sí ìsọ̀ Ẹnjiníà fúnra mi, mo jẹ́wọ́ fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Inú bí i, ó sì tọ́ kó bí i. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi pè mí ní Bọ̀dá mọ́. Àmọ́ nígbà tí oníbékìrì kan ní Òkòta gbé ọkọ̀ tiẹ̀ wá fún un, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní iṣẹ́ ọkọ̀ kò le tó iṣẹ́ awakọ̀, pé kí n wá bá òun yọ fírì kúrò lára wọn. Ìyẹn ni mò ń ṣe báyìí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Màá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà awakọ̀ kan tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, tí ọwọ́ ẹ̀ bá ti ń lọ síbi jíà, màá gbá a lọ́wọ́. Wọ́n ń bú mi. Wọ́n ní kí ni Àgànyìn mọ̀. Màá ní ẹ má dà mí lóhùn, ẹ sáà máa wo abẹ́rẹ́ yẹn.

Ẹ́ńjìnnì wa ńkọ́? Mo bi Alájà pé kí ni ká ṣe sí i.

"Gbé e lọ síbi tó bá wù ẹ́," ó ní. "Má jẹ́ kí n tún rí i ní àgbàlá mi, kó má baà máa pè ẹ́."

Ibi tó wù mí, ọ̀kan péré ni. Bó ṣe gba bọ́dà kọjá, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni ìyẹn. Welídà kan ní Kétu bá wa ṣe ìjókòó fún un, wọ́n so bẹ́líìtì mọ́ ọn, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ sí ìdí ẹ̀, ní ẹ̀yìn ilé ìyá mi. Àwọn obìnrin àdúgbò wa ò ru ẹ̀gẹ́ lọ sí abúlé kejì mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sínú ọkọ̀ ní Ìsọlọ̀, ibi gbogbo dákẹ́ rọ́rọ́. Mo pe ìyá mi. Ó gbé e, ó ń kígbe "Ẹ̀ẹ́lò," nítorí ariwo tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo ní kó dúró ná, kó má sọ̀rọ̀. Mo tẹ́tí. Ko-ko-ko, á mí. Ko-ko-ko, á mí.

"Kí lò ń gbọ́?" ó ní.

"Ẹ̀rọ yín ni, Màmá," mo ní. "Ó dáa. Ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn."